Ilé Àtijọ́ Abúlé: Ẹ Kọ́kọ́ Bi Í Léèrè Iṣẹ́ Tó Ti Ṣe Rí

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Lẹ́tà tó pọ̀ jù tó dé ọwọ́ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí dá lórí ilé alámọ̀ àtijọ́: ilé tí ẹnì kan mọ fún ìyàwó àti ọmọ, tó di sítóò kòkó, tó di kíláàsì, tó di ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá dá páropáro láàárín abúlé báyìí. Àwọn tó kọ̀wé fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́, inú wa sì dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ilé ti ṣe rí ló ń fa àìsàn tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ti àkọ́kọ́ kò lè wo èkejì sàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé gbọọrọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà abúlé wa. Àwọn àgbà kan ní ilé ìwé ni, àwọn kan ní ilé kòkó ni, ìyá àgbà kan sì ń tẹnu mọ́ ọn pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sára pátákó. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn sọ òótọ́, kó jẹ́ pé ìgbà tí kálukú mọ ilé náà ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri gan-an kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó má ṣe dojú kọ ọ́. Ohun tí ẹ kò rí lọ́sàn-án yóò yọjú: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dí, fèrèsé tí wọ́n fẹ̀, ibi tí ògiri inú kan ti dúró rí kí wọ́n tó wó o. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dí kì í fara pamọ́ pẹ́, nítorí amọ̀ tútù kì í di mọ́ amọ̀ tó ti gbẹ. Bó bá ń gbẹ ni ó ń sún kì, yóò sì là ní òòró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àti gbọọrọ lókè lábẹ́ igi àtẹ́rígbà.

Ilé kòkó sábà máa ń ní ẹnu ọ̀nà kan tó fẹ̀, ìlẹ̀kùn alápá méjì, àti fèrèsé kéékèèké tó ga sókè. Ẹ wo igi tó nípọn jù lókè: bí ìkọ́ irin bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so òṣùwọ̀n kọ́. Ẹ fọwọ́ pa ara ògiri láti ilẹ̀ dé ibi èjìká. Àpò tí wọ́n ń tì mọ́ ọn lọ́dọọdún máa ń jẹ́ kó dán bí igi ọ̀pá àgbà. Kíláàsì ní tirẹ̀ máa ń fi ọ̀dà dúdú sílẹ̀ lára ògiri kan, ó sì lè wà lábẹ́ ọ̀dà mẹ́rin mìíràn. Ilé gbígbé ní yàrá kéékèèké, àti ibi kan nílẹ̀ tí erùpẹ̀ ti pọ́n tó sì le bí ìkòkò, nítorí àrò ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí kọ́lọ́fín tó rí roboto nínú ògiri tó dojú kọ ìlà-oòrùn, tó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, àwọn Mùsùlùmí ti kírun níbẹ̀ rí.

Kí ẹ wá fi bíléèdì họ ọ̀dà ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, níbi tí kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ, ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ìpele. Yàrá tí ìpele rẹ̀ bá kéré sí ti àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ àwọn yòókù ni wọ́n gé e jáde. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni èyí, ó sì máa ń parí àríyànjiyàn tó ti wà fún ogún ọdún.

Ní ti ọdún, ẹ má bi àgbà pé "ọdún wo ni?" Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú nǹkan kan tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ni (17 oṣù Kìíní 1955)? Ṣé nígbà wẹ́tíẹ̀ ni (1965 sí 1966), àbí ìgbà Àgbẹ̀kọ̀yà (1968 sí 1969)? Ṣé kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni (2 oṣù Kẹrin 1972), àbí kí a tó fi pọ́n-ùn sílẹ̀ fún náírà (1 oṣù Kìíní 1973)? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe pàtàkì nínú ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ pọ̀ ju kíláàsì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bákan náà ni 1986, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ sítóò kòkó tó pọ̀.

Ìbéèrè: Sítóò kòkó ni tiwa, ó dájú. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti kó ẹrù sínú rẹ̀ gbẹ̀yìn. A fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ. Ṣé ká kàn gbá a, ká sì kùn ún?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbá a. Ibi tí kòkó wà, oògùn kòkó lè ti wà níbẹ̀ rí. Gammalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí kòkó nígbà náà, oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ lindane ló wà nínú rẹ̀, àdéhùn Stockholm tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe sì ti kà á mọ́ májèlé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì láti 2009. Kì í tètè jẹrà. Èyí tó jò sínú erùpẹ̀ nígbà kan lè ṣì wà níbẹ̀ láìrùn, nítorí náà imú kò tó fi dán an wò.

Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ alápá gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ bo imú, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, kí ẹ tó wò yíká. Ohun tí ẹ ń wá ni agolo àtijọ́, òrùka ìpẹtà níbi tí agolo ti jókòó pẹ́, àti ojú ilẹ̀ tó dúdú bí ibi tí òróró dà sí. Ẹ má sun agolo tàbí àpò tí ẹ bá rí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú agolo lọ bu omi. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ gbẹ́ ibi tí àbàwọ́n wà títí jìn tó íǹṣì 6, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ kọjá etí àbàwọ́n náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ kó erùpẹ̀ náà sínú àpò ọ̀rá méjì tó wọ inú ara wọn. Kò gbọ́dọ̀ dé oko tàbí odò. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká ni kí ẹ fi tó létí. Lẹ́yìn náà, ẹ bu erùpẹ̀ tó ṣẹ́kù lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì kan kí ọmọ kankan tó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé májèlé ṣì wà, ẹ fún ilé náà ní iṣẹ́ mìíràn: ibi ìkó ọkọ́, àdá àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti ọmọdé.

Bó bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ ló kù, nítorí fèrèsé sítóò kì í tó kàwé. Ẹ lè ṣí fèrèsé tuntun, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igun ilé ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, bí a bá sì ro ìbú gbogbo ihò tó wà lára ògiri kan pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ògiri náà lọ. Ẹ fi òpó gbé òrùlé ró kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àtẹ́rígbà ni ẹ máa kọ́kọ́ fi sí i: ẹ gé ojú ibi tó máa wọ̀ nìkan, ẹ ti igi ìrókò wọlé kó wọ inú ògiri ní íǹṣì 12 ó kéré tán lápá méjèèjì, ẹ fi amọ̀ tútù dí gbogbo àlàfo tó yí i ká, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ayùn àti àdá gé e díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà tó bá gbé òòlù ńlá dé, ẹ ní kó gbé e padà sílé, nítorí gbígbọ̀n òòlù yẹn ló ń la ògiri alámọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la fi símẹ́ǹtì rẹ́ ara ilé bàbá wa kó lè lágbára. Ó ti ń bó láti ìsàlẹ̀ báyìí, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bíríkìlà ní símẹ́ǹtì tí a pò ló kéré. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá pò ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá tètè bó ju báyìí lọ. Ògiri alámọ̀ ń mu omi láti inú ilẹ̀, ara rẹ̀ ló sì fi ń mí i jáde. Símẹ́ǹtì dí ibi tó ń gbà mí. Lẹ́yìn èyí, amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọ̀rinrin bá dé, a sì máa sún kì bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Símẹ́ǹtì kò lè bá a ṣe é, ló bá là tín-ín-rín bí irun orí. Omi òjò gba ojú ibẹ̀ wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ fi egungun ìka kan ara ògiri láti ilẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún kì, ó ṣì di mọ́ra, ẹ má fi ipá ṣí i, kó má baà fa amọ̀ jáde. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ fi ẹfun yí i ká, kí ẹ sì ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 2 ìsàlẹ̀ yíká ilé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kó gbẹ dé inú. Ibi yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: amọ̀ tí ojú rẹ̀ gbẹ lè tutù ní íǹṣì 4 sí inú.

Nígbà tó bá ń gbẹ, ẹ wá yẹ̀pẹ̀ ìrẹ́lé. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò funfun ọlọ́mọrí kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ló máa rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ dídán ló máa wà lókè. Bí amọ̀ yẹn bá tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó rọ̀ sílẹ̀, ó dára. Bó bá tó ìdajì, ẹ da garawa yanrìn 2 mọ́ garawa yẹ̀pẹ̀ kan. Ẹ tún lè ṣù ú bí ẹ̀kúnwọ́, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ láti ibi àyà: bó bá fọ́ yángá, yanrìn pọ̀ jù. Bó bá pẹ̀rẹ̀sẹ̀ láìlà, amọ̀ tàbí omi pọ̀ jù. Bó bá pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè fi rẹ́lé.

Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, kó má ju íǹṣì 2 lọ, ẹ da ìdajì garawa rẹ̀ mọ́ garawa mẹ́ta yẹ̀pẹ̀ tí ẹ ti pò, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó, ó gbọ́dọ̀ sùn fún ọjọ́ 3 sí 7. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wọ́n omi sára ògiri títí yóò fi ṣú. Ìpele kìíní kò gbọ́dọ̀ nípọn ju íǹṣì kan lọ, ẹ sì fi orí igi họ ọ́ kí ìpele kejì lè rí ibi dì mú. Ó máa là díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ fi ìpele kejì tó fẹ́lẹ́ bò ó, èyí tí ẹ fi asẹ́ yọ òkúta rẹ̀, tí ẹ sì pò mọ́ ẹlẹ́bọ́tọ, ìdá kan ẹlẹ́bọ́tọ sí mẹ́rin yẹ̀pẹ̀. Omi tí a fi se èèpo èso igi irú dára láti fi wọ́n ojú rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí ohun tó korò nínú èèpo yẹn máa ń so erùpẹ̀ pọ̀.

Gbogbo làálàá yìí á sì já sí asán bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ṣì ń ta sí ìdí ògiri. Etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Ẹ wo ilẹ̀ ìta pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ abúlé, ojú títì ti ga ju inú ilé lọ nítorí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i lọ́dọọdún. Ẹ wà á kúrò lára ògiri, kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kúrò nídìí ilé ní íǹṣì 2 fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa gba ilé kan tí yàrá mẹ́ta wà ní ìlà kan. A fẹ́ wó ògiri méjì tó wà láàárín kó lè di gbọ̀ngán ìpàdé. Gígùn ilé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, gíga ògiri jẹ́ 9, ó sì nípọn ní íǹṣì 18. Káfíńtà ní kò séwu, òrùlé páànù kò wúwo.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé páànù kò wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe òrùlé ni àwọn ògiri inú yẹn ń gbé nìkan. Àwọn ló di ògiri gígùn méjèèjì mú kí wọ́n má ṣubú síta. Ìwọ̀n tí ẹni tó mọ iṣẹ́ amọ̀ ń lò nìyí: láti ibi tí ògiri bá ti rí ohun tó dì í mú dé ibi tó tún ti rí òmíràn, kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà 10 ìnípọn rẹ̀ lọ, gíga rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìgbà 8 lọ. Ìnípọn tiyín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Gíga tó lè dé jẹ́ 12, ẹ ní 9, ìyẹn dára. Gígùn tó lè dá dúró jẹ́ 15. Bí ẹ bá wó ògiri méjèèjì tán, 40 ló máa dá dúró. Ó lè má wó lọ́dún àkọ́kọ́. Ìjì tó tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń mú un, lọ́jọ́ tí èrò wà nínú rẹ̀ tàbí tí kò sí.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ má wó wọn tán. Ẹ ṣí àárín ògiri kọ̀ọ̀kan bí ẹnu ọ̀nà ńlá, kí ẹ sì fi kùkùté ògiri tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ sílẹ̀ lápá méjèèjì, láti ilẹ̀ dé òkè. Ojú ènìyàn á rí orí tábìlì àwọn àgbà láti ẹ̀yìn, ògiri gígùn á sì ṣì rí ẹni fara tì ní bí ẹsẹ̀ bàtà 13 síra wọn. Kí igi bíìmù sì yí orí ògiri ká, kó má já níbì kankan, kí ẹ fi ìṣó gígùn àti irin dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ni ìgbànú ilé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é. Ẹ gun òkè lọ wo àjà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni igi àjà fi orí lé ògiri inú gan-an tí ẹ fẹ́ ṣí. Ẹ fi òpó gbé gbogbo wọn ró. Bí ẹ bá wo ògiri dáadáa, ẹ máa rí ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì síra wọn. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nìyẹn, ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òkè ni kí ẹ ti máa tú u, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má tì í ṣubú láé.

Ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ náà, ẹ lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ ara gbogbo ibi tó ti là, kó dábùú ojú ibẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Bí bébà bá ya, ògiri ń rìn. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi òpó kún òpó, kí ẹ pe ẹnjiníà. Bí bébà bá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ lè dí ibi tó là.

Ẹ sì tún rò ó wò bóyá ó pọn dandan kí ẹ ṣí nǹkan kan. Ní Òṣogbo ní 1962, Popular Bar tí Dúró Ládiípọ̀ ní ló di Mbari Mbayo, ilé tí ayé ti wá wo iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé. Ilé ọtí ni tẹ́lẹ̀. Bí àgbàlá yín bá fẹ̀, ẹ na òrùlé fífẹ́lẹ́ lé e lórí òpó igi, kí ìpàdé máa wáyé níbẹ̀, kí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ́fíìsì, ibi ìkó àga àti yàrá àlejò. Èyí la fẹ́ràn jù.

Ìbéèrè: Ilé ìdáná àtijọ́ la sọ di ṣọ́ọ̀bù. Igi òrùlé rẹ̀ ti wà láìsí ìṣòro fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àmọ́ láàárín ọdún méjì péré, ìyẹ̀fun ti ń dà sórí ọjà wa.

Ìdáhùn: Èéfín ló ti ń ṣọ́ igi yẹn fún yín. Bí iná ṣe kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò tó ń lu igi rí àyè. Ìyẹ̀fun kúnná ni ti kòkòrò, ọ̀nà amọ̀ tó ń gun ògiri lọ ni ti ikán, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi: èyí tí ọ̀bẹ bá wọ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fún ìyókù, ẹ po gíráàmù 60 borax àti gíráàmù 40 boric acid sínú lítà kan omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ kan sí ara wọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ọjà jáde. Ẹ má fọ ara dúdú tí èéfín ti fi bo igi. Ẹ má sì lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dọ̀tí nínú ilé tí ẹ ti ń ta oúnjẹ.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ lára ògiri wa nígbà ọyẹ́, ara ògiri sì ń re bí àkàrà gbígbẹ. Wọ́n ti so ewúrẹ́ níbẹ̀ rí, wọ́n sì kó ajílẹ̀ sí i. A ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdáhùn: Iyọ̀ náà ni. Ìtọ̀ ẹran àti ajílẹ̀ ló wọ inú ògiri. Bí ọyẹ́ bá fa omi jáde, iyọ̀ á di òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ awọ ògiri, á sì tì í jáde. Ọ̀dà kò lè dá a dúró, ó kàn ń tẹ̀lé e bọ́ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a sínú àpò, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, yóò tún padà wọlé. Ẹ wá po yanrìn mímọ́ àti amọ̀ mọ́ bébà àtijọ́ tí ẹ ti rẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní íǹṣì kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí tó fi gbẹ tó sì ń bọ́ fúnra rẹ̀. Ó máa fa iyọ̀ mọ́ra. Ẹ kó o dànù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tó bá ti jẹ jìn ju íǹṣì 4 lọ, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ tuntun dí i, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí èyí gbẹ kí ẹ tó gé èyí tó tẹ̀lé e.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Èkó fẹ́ fowó tún ilé bàbá bàbá wa ṣe kó di ilé àlejò. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé á di tirẹ̀. Kí lòfin sọ?

Ìdáhùn: Owó tí ẹnì kan nínú ẹbí fi tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ilé náà di tirẹ̀. Ilé ẹbí ló ṣì jẹ́. Ní ti títà, Federal Supreme Court ti là á sílẹ̀ ní 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí ẹnì kan nínú ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kó fagi lé e. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín tó ra àpò símẹ́ǹtì kan, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan jókòó, kí lọ́yà kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí: ọdún mélòó ló máa fi ilé ṣiṣẹ́, báwo ni owó rẹ̀ ṣe máa padà, ta ni yóò máa rẹ́ ilé lọ́dọọdún, yàrá wo ni ẹbí á máa lò nígbà ìnáwó. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì ìwéwèé ìlú bóyá ìyípadà iṣẹ́ ilé gba ìwé àṣẹ.

Àwọn kan tún béèrè nípa sísọ ilé di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Ó ṣeé béèrè fún, bó bá sì ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà láìgba àṣẹ àjọ náà. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í dá ilé dúró. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Èkó, ti wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, kí òfin yẹn tó dé pàápàá, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ó dùn wá títí dòní.

Ìbéèrè: A kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí a máa fi ilé tiwa ṣe. Ṣé a lè tì í pa fún ọdún méjì?

Ìdáhùn: Ẹ má tì í pa. Ilé tí a tì pa ń wó ju èyí tí ènìyàn ń gbé lọ, nítorí kò sí ẹni tó máa rí ihò ìṣó kan tó ń jò lórí páànù, ihò yẹn sì tó láti tú ìpele amọ̀ kan láàárín ìgbà òjò kan. Ẹ yan ènìyàn kan, kí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ohun tó máa gbà fún wàhálà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, kó gun òrùlé, kó wo ìṣó kọ̀ọ̀kan, kó gbá ewé kúrò nínú gọ́tà. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kó wọ inú ilé láàárín wákàtí kan, kó wo ibi tó tutù, kó fi ẹfun yí i ká kí ó tó gbẹ, nítorí lọ́jọ́ kejì ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Lóṣooṣù, kó fi igi họ ọ̀nà ikán kúrò lára ògiri, kó sì ṣí gbogbo fèrèsé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí òrùlé rẹ̀ bá jẹ́ ti asbestos, kó má gun un, kó má lu ìṣó sí i, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ni kó ti máa wò ó, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, kí ẹ fi omi rin ín dáadáa, kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ ní odindi láìfọ́, kí ẹ fi ọ̀rá méjì wé e. Ẹ gé igi tó bá ń hù nídìí ògiri nígbà tó ṣì kéré tó ìka. Bí ẹni tí ẹ yàn bá lè máa sùn nínú yàrá kan níbẹ̀, tó sì ń dáná lẹ́yìnkùlé, ìyẹn ló dára jù.